Okùn Tó Gba Abẹ́ Géètì

Àwọn alárùú ilé iṣẹ́ irin kan ní Sango ló ni abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú géètì. Kò sẹ́ni tó fún wọn. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ títí ó fi di tiwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò bí ọkọ̀ ò bá tíì dé. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ wà lódìkejì nínú oòrùn, àkàrà wọn ń mu eruku.

Mọ̀nsúrát, opó tó ń din àkàrà, lọ bá Ṣótúndé, olórí àwọn alárùú. Ó ní kí okùn dájọ́ fáwọn. Kí àwọn ọkùnrin dúró síta, kí àwọn obìnrin wà nínú ọgbà, kí okùn gba abẹ́ géètì. Bí àwọn ọkùnrin bá fa okùn náà tí àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ ọn fi dé etí gọ́tà kí fèrè ọ̀sán tó dún, kí wọ́n máa jẹ ibòji wọn lọ. Bí kò bá dé ibẹ̀, kí wọ́n kó ayò wọn kúrò.

Ṣótúndé gbà, àmọ́ ohun kan ń rú u lójú. "Ìyá Alákàrà, kí ló dé tí a ó fi ti géètì?"

"Obìnrin tó bá ń fa okùn, ìró rẹ̀ á tú. Ṣé itan ìyàwó oníyàwó lẹ fẹ́ wò ni, àbí okùn lẹ fẹ́ fà?"

Ojú ti àwọn ọkùnrin náà. Bàbá Jìbírílù, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lobìnrin náà sọ, òun náà á bá wọn dúró síta.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin wọlé, wọ́n ń so ìró wọn le, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mọ̀nsúrát ló wọlé kẹ́yìn, ó sì fa géètì dé.

Ṣótúndé tutọ́ sọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má lọ fa àwọn ìyá wọn lápá já. Wọ́n fà á. Okùn náà le gan-an bí ọmọ odó. Kò jáde.

Akíndé, alárùú tó parí ìwé mẹ́wàá ní Ijoko, ní kí wọ́n bọ́ sálúbàtà, ó ń yọ̀ lórí eruku. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú kí òun náà tó lè di okùn mú. Wọ́n bọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n fi ara sẹ́yìn kí ìwọ̀n ara wọn bá wọn fà á. Wọ́n fi ara sẹ́yìn títí ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àkísà pupa dúró síbi tó wà.

Wọ́n ń gbọ́ ohùn Mọ̀nsúrát látinú. "Hajarat, tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mùíbátù, ẹ̀rín kọ́ la wá rín níbí."

Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dẹ ọwọ́ díẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn obìnrin á wọ́ àwọn wọlé. Ẹnikẹ́ni ò fà wọ́n. Ṣótúndé ní àánú àwọn ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un níhìn-ín ni tọ̀hún náà ń le sí i.

Akíndé nu òógùn. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn níléèwé nìyẹn: ohun tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn tí kò rìn, agbára ọ̀tún àti tòsì dọ́gba ni.

"Ṣé ò ń sọ pé wọ́n lágbára tó wa?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tó di okùn yìí mú lágbára tó wa gẹ́ẹ́."

"Kí wá ni wọ́n ń jẹ?" Ṣótúndé béèrè.

Ẹnì kan ní àkàrà ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Fèrè dún. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó. Ṣótúndé kì í jiyàn ohun tójú òun rí. Ó dúró síwájú géètì, ó sì kígbe pé ibòji ti di tàwọn obìnrin, Ọlọ́run àti Bàbá Jìbírílù gbọ́. Ó ní ọkùnrin tó bá tún sọ pé obìnrin ò lágbára, kó wá bi òun. Wọ́n kó ayò àti bẹ́ǹṣì wọn lọ sínú oòrùn, wọ́n sì ní kí bàbá ṣí géètì kí àwọn lè kí àwọn akọni.

Bàbá Jìbírílù ṣí i: tírélà kan tí irin kún dẹ́nu ni wọ́n so okùn mọ́ nídìí, Mọ̀nsúrát nìkan ló jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má bínú, àwọn yòókù ti gba géètì ẹ̀yìn lọ ra bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà á máa jókòó lé lábẹ́ igi.