Ohùn Bàṣírá

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn kún fọ́fọ́. Ìyá Bàṣírá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin kan wọlé, ó nawọ́ sí híjáàbù akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó dúró níwájú ìyá náà, ó sì fà á.

"Ṣí orí ẹ, jàre! Kí lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bọ́tìnì kékeré tí òfin ní kí wọ́n máa rán mọ́ gbogbo híjáàbù figbe ta ní ohùn ọmọbìnrin kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀! Mi ò ṣe yín ní nǹkan kan!"

Ọkọ̀ dúró. Ọlọ́pàá wọlé, wọ́n mú ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Bàṣírá fa akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́ra, ó bá a tún híjáàbù rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣé, mà. Ohùn yẹn ló gbà mí. Ta ló ni ín?"

"Bàṣírá, ọmọ mi. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn kí wọ́n tó lù ú pa ní ibùdókọ̀ nítorí híjáàbù ẹ̀. Fóònù ẹ̀, tó ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ló gbà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣòfin bọ́tìnì yìí, wọ́n bẹ̀ mí kí n yọ̀ǹda ohùn náà. Mo gbà."

"Ṣé ọkàn yín kì í gbọgbẹ́, mà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ?"

Omi lé ròrò lójú ìyá.

"Láràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má gbọ́ ọ mọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Àmọ́ ohùn ẹ̀ ò sí níbòmíì tí mo ti lè gbọ́ ọ. Mi ò tíì lè ṣe àmín sí àdúrà yẹn."