Gílóòbù Kábíyèsí

Atúnrédíòṣe ki gílóòbù kan, irú èyí tó ń mú rédíò àtijọ́ sọ̀rọ̀, láti inú rédíò ọba Òkè-Ìyeyè bọ ẹ̀rọ tó fi ń dán an wò. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kò mira.

"Eléyìí ti kú."

Ìránṣẹ́ ààfin tó gbé rédíò wá fò dìde. "Kí lo wí? Nǹkan ọba a máa kú?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó ti wàjà."

"Ta lò ń pè ní 'ó'?"

Inú bí atúnrédíòṣe, ó lọgun: "Wọ́n ti wàjà!"

Onígbàjámọ̀ tó múlé gbè é gbọ́. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, ó di ojú títì. Ọ̀rọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn ní Òkè-Ìyeyè, ọ̀kadà ló ń gùn.

Atúnrédíòṣe ò mọ̀. Ó ń fi iná tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ yan gílóòbù náà díẹ̀díẹ̀, torí òkú gílóòbù mìíràn a máa jí bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbàgàgbàgà níta. Ó ṣe bí òjò ló ṣú.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, abẹ́rẹ́ gbéra. Ó dá gílóòbù padà sáyè rẹ̀, rédíò bú sórin.

Fóònù ìránṣẹ́ dún. Kábíyèsí ni.

"Àwọn ọmọọba ti ń jà lórí àga mi! Èyí tó wà ní Àjàṣẹ́ pàápàá ti dé! Ta ló ní mo wàjà?"

Nínú ariwo orin, "wàjà" nìkan ni ìránṣẹ́ gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Kábíyèsí. Wọ́n wàjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi iná yan wọ́n. Wọ́n ti ń kọrin."