Oyèkúnlé Wà Lójú Ọ̀nà

Mojísọ́lá mú ìgò kékeré náà jáde láti inú fìríìjì, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó sì kán an sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ ni wọ́n ń pè é, ó ń gba imú wọ inú ọpọlọ lọ láti tún ibi tó ti bàjẹ́ ṣe. Irú tó wà fún ìrìn yàtọ̀ sí irú tó wà fún oorun. Màmá ti gba méjèèjì, ó sì ti ń rìn, ó ti ń sùn. Ti ìrántí ni èyí. Mojísọ́lá ló bẹ dókítà fún un, torí ó ń dùn ún pé “Nọ́ọ̀sì” ni ìyá òun ń pe òun.

Láràárọ̀, Màmá á bi í pé, “Nọ́ọ̀sì, Oyèkúnlé ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó wà lójú ọ̀nà, Màámi.”

Inú Màmá á dùn, á ní kí wọ́n bu ògì tirẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Lónìí tó pé ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kán an sí i, Màmá mu ògì tirẹ̀ tán, ó tẹjú mọ́ abọ́ kejì.

“Mojísọ́lá, ẹ ti sin àbúrò rẹ, àbí?”

Mojísọ́lá kúnlẹ̀.

“Má sọ ibẹ̀ fún mi. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.” Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. “Ṣé wọ́n lè kó nǹkan yìí jáde?”

“Rárá, Màámi. Ó ti ta gbòǹgbò.”

Màmá rọra ti abọ́ kejì sí i.

“Mu ún kó tó tutù. Ìgbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà sàn fún mi ju báyìí lọ.”