Ìdáhùn Aránṣọ

Aránṣọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀ kíkankíkan. Jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nínú ọyàn rẹ̀ ti òsì, dókítà sì fẹ́ gbọ́ lónìí: ṣé ọ̀kan ni kí wọ́n gé ni, àbí méjèèjì? Kò rí ẹni bá dámọ̀ràn.

Oníbàárà kan wọlé, ó wo búláòsì tí aránṣọ ń rán, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ẹ gbàgbé àyè ọyàn! Àbí pátákó lẹ ń rán aṣọ fún?”

“Mi ò gbàgbé. Ara mi ni mò ń rán an fún. Jẹjẹrẹ ni, wọ́n fẹ́ gé ọyàn mi.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu obìnrin náà. “Méjèèjì?”

“Mi ò lè máa ṣọ́ èkejì bí ẹni ń ṣọ́ olè.”

Aránṣọ já òwú, ó ká búláòsì náà sínú báàgì, ó sì forí lé ilé ìwòsàn lóun nìkan.