Àgbọ̀n Bàbá

Ìrọ̀rí kì í purọ́. Bí Fọláhànmí ṣe lajú lówùúrọ̀ ọjọ́ keje, ìrọ̀rí rẹ̀ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lóru kí i, ó ní, "Ìgbà mọ́kànlélógójì ni èémí yín dúró lóru àná, sà." Fọláhànmí ti lo ìbòmú tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ti fi ike bo eyín sùn, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ó ku kí àwọn oníṣẹ́ abẹ gé egungun àgbọ̀n rẹ̀, kí wọ́n fà á síwájú.

Ṣùgbọ́n òfin ní kéèyàn kọ́kọ́ fi ọjọ́ méje wo ojú tuntun tí iṣẹ́ abẹ máa fún un nínú dígí kó tó tẹ̀ka pé òun gbà. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́! Bí Fọláhànmí ṣe ń fá irùngbọ̀n ni ọkùnrin inú dígí ń fá tirẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, ó dùn-ún wò. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò jọ bàbá Fọláhànmí tó ti dolóògbé, bẹ́ẹ̀ Fọláhànmí fúnra rẹ̀ jọ wọ́n bí ìmumu.

Ìyá rẹ̀ arúgbó wọlé, ó dúró tì í.

"Màámi, àgbọ̀n yìí lẹ fi ń rántí bàbá mi. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e?"

Ìyá wo ọkùnrin inú dígí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni ń kí àlejò káàbọ̀.

"Àlàó, ojú oorun ni bàbá rẹ gbà lọ. Àgbọ̀n yẹn ló sé èémí mọ́ wọn nínú." Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ dígí, níbi tí wọ́n ń tẹ̀ka sí. "Tẹ̀ka, ọmọ mi. Mo ti sin àgbọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní sin ín lẹ́ẹ̀kejì."