Ìbẹ́pẹ Ìkórè

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ta ló tún máa fi kún un?" Ọkùnrin tó ń lu gbàǹjo gbé iṣu sókè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi básà ìkórè ní Oǹdó.

Tíṣà yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ètò ọrọ̀-ajé ti sú wọn nínú ìwé, ló bá kó wọn wá síbí.

"Ṣé ẹ rí i? Iṣu kan ló kù, èrò tó fẹ́ ẹ sì pọ̀. Dandan ni kó wọ́n."

"Tí ọjà bá wá pọ̀ ńkọ́, mà?" Monílọ́lá, ọmọ àdúgbò rẹ̀, ló béèrè.

"Á wálẹ̀ ni. Ta ló máa fowó ńlá ra ohun tó wà káàkiri?"

Ìbẹ́pẹ kan ló kàn. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló mú un wá. Ẹnì kan pe igba náírà, èrò rẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún!" Ohùn ọkùnrin kan dún láti ẹ̀yìn.

Tíṣà ò bojú wẹ̀yìn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó dágbére ìpàdé ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, fún un láàárọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!" Ohùn yẹn náà ló tún pè é, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bá a du ú. Akọrin náà fi ìwé orin bo ẹ̀rín rẹ̀.

Monílọ́lá rọra fa aṣọ tíṣà.

"Mà, ìbẹ́pẹ ń jẹrà lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé yín. Ṣé dádì ò mọ̀ ni?"