Ìborùn Lẹ́nu Àpò

Aneesah já wọ ọgbà màálù ní Ijora, inú ń bí i gidi.

Wọ́n ń pín in kiri lórí Wọ́sáàpù: màálù tó bá jẹ àgbàdo tó ti bu, májèlé ibẹ̀ á wọ inú wàrà rẹ̀. Èèyàn ìbáà sè é títí, kò ní kúrò.

Wàrà màálù Àdàmú, tó ni ọgbà yìí, sì ni Roqeeb, ọmọ rẹ̀, ń mu láràárọ̀!

"Àdàmú, kí lò ń fún màálù ẹ jẹ?"

Àdàmú nawọ́ sí àpò àgbàdo bíbu kan.

Ìborùn Aneesah tó ti ya ni wọ́n fi so ó lẹ́nu.

Òun fúnra rẹ̀ ló so ó lánàá, nígbà tí Ṣàfíù ọkọ rẹ̀, alágbàdo, ní òun ń lọ dà á nù.

"Bàbá Roqeeb ló ń tà á fún mi."

Ṣàfíù! Ẹni tó máa ń ti ife wàrà sẹ́yìn: "Ẹ máa mu tiyín, kì í bá mi lára mu."